Kílíà ọkọ̀ àbí fáníìṣì olómi: èwo ni ká fi bo ojú bèbí?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ máa tún ojú bèbí oníke kùn fún títà, ohun tẹ́ ẹ máa fi bo ọ̀dà lórí ni kẹ́ ẹ rò dáadáa. Ọ̀dà fúnra rẹ̀ ò le: ẹ ra akírílíìkì, ẹ fi omi là á, ẹ máa kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Kútẹ́ẹ̀sì àti ọ̀dà ilẹ̀kùn, ẹ jẹ́ kí wọ́n jìnnà sí orí bèbí.

Kílíà, ìyẹn ohun tó mọ́ gaara tí àwọn tó ń fín ọkọ̀ fi ń bo ọ̀dà, ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ó wà nítòsí, kì í pẹ́ gbẹ, ó sì máa ń dán gbinrin. Ìyá kan ní Ìpakodò gba bèbí méjìlá lọ́wọ́ mi fún ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ̀. Ọjọ́ tí mo kó wọn fún un, inú rẹ̀ dùn, inú tèmi náà dùn. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi pè mí: "Àǹtí, àwọn bèbí yín ń lẹ̀ mọ́ra wọn o." Mo lọ, mo fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀kan, ó di ìka mi mú. Irun ti lẹ̀ típẹ́típẹ́ mọ́ iwájú orí, eruku ti bo ètè. Mo dá gbogbo owó ìyá náà padà.

Orí bèbí tó ń tẹ̀ wọnú téèyàn bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ike rírọ̀ tí wọ́n ń pè ní fínẹ́ẹ̀lì ni. Wọ́n ti po nǹkan kan tó dà bí epo mọ́ ọn kó lè rọ̀. Tínà inú kílíà á mú ojú ike náà rọ̀ sí i, epo yẹn á máa sun jáde díẹ̀díẹ̀ wọ inú ohun tẹ́ ẹ fi bò ó, kò sì ní gbẹ mọ́. Mo sá a sóòrùn, mo bu páúdà sí i, pàbó ló já sí. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tó jẹ́ ike líle lè má lẹ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ tínà lè jẹ ẹ́ lójú.

Ọ̀rinrin náà wà ńbẹ̀. Etí ọ̀sà la wà ní Ìkòròdú. Tẹ́ ẹ bá fín kílíà nígbà tójò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ó lè funfun báláú.

Mr. Super Clear, ohun tí wọ́n ń fín bo ọ̀dà tó wá láti Japan, tí àwọn akunbèbí òkè òkun fẹ́ràn, bá fínẹ́ẹ̀lì mu, ṣùgbọ́n ó fẹ́ ojú ọjọ́ tó gbẹ àti ìbomú tó ń dá èéfín kẹ́míkà dúró.

Fáníìṣì olómi tí àwọn ayàwòrán ń lò, èyí tí wọ́n fi omi pò dípò tínà, ní àléébù tirẹ̀. Ó lè gba pé kẹ́ ẹ sọdá sí Èkó kẹ́ ẹ tó rí i rà, tẹ́ ẹ bá sì kùn ún nípọn, ipa búrọ́ọ̀ṣì á hàn. Èyí tí kì í dán ni kẹ́ ẹ fi bo ojú lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ fi èyí tó ń dán kan ẹyinjú àti ètè nìkan. Bèbí tí mo fi í bò lọ́dún méjì sẹ́yìn ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, ó gbẹ táútáú.

Kílíà wúlò fún irin àti fún ọkọ̀, mi ò bá a jà. Mo tọ́jú ọ̀kan nínú bèbí méjìlá yẹn. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ ra kílíà fún bèbí, mo máa ń ní kó wá fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ bèbí náà ná.