Ìwé ìkookò méjì: èwo ni kí ẹ fowó rà?

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ìwé ẹlẹ́rù nípa ènìyàn tó ń di ìkookò, méjì ni mo fẹ́ fi wéra: Cycle of the Werewolf (1983), tí Stephen King kọ, tí Bernie Wrightson ya àwòrán sí, àti The Last Werewolf (2011) ti Glen Duncan, tí kò ní àwòrán. Ti òṣùpá kíkún tó ń sọ ọ́ di ìkookò, àti ọta fàdákà tó ń pa á, ẹ ti mọ̀ ọ́n.

Nínú ti Duncan, ìkookò fúnra rẹ̀, Jake Marlowe, ló ń ròyìn ara rẹ̀. Ó gbọ́n, ẹnu rẹ̀ mú, ó ń pani lẹ́rìn-ín. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ó sì rí mi lára. Ẹ̀rù ńkọ́? Inú rẹ̀ la kúkú wà. Ta ni ohùn ara rẹ̀ ń dẹ́rù bà?

Ti King, orí 12, oṣù kan fún orí kan, ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n máa pa la sábà máa ń wà. Ní January, yìnyín há Arnie, òṣìṣẹ́ rélùwéè, mọ́ inú ahéré. Nǹkan ń họ ilẹ̀kùn. Ó ní bóyá ajá ni. Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi tí wọ́n ti tilẹ̀kùn mọ́ nítorí Orò ní Rẹ́mọ, ẹ mọ ohun tí etí ń ṣe fún ọkàn nírú àkókò bẹ́ẹ̀. Wrightson ló wá ń jẹ́ ká fojú rí ẹranko náà. Síbẹ̀, àwòrán January kò sọ ọmọ ìlú tí í ṣe lọ́sàn-án.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò rèé o. Ẹnì kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ta ti King fún mi, ó fi nylon dì í pinpin. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán. Nígbà tí mo tú u, fọ́tòkọ́pì ni! Gbogbo àwòrán aláwọ̀ ti di dúdú: igi, òru, ìkookò, gbogbo rẹ̀ para pọ̀, eyín nìkan ló kù. Yíǹkì ń ràn mọ́ àtàǹpàkò mi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wò ó títí, ó ní, “Àǹtí, ṣé màlúù ni?” Mo padà lọ bá ọ̀gá, ó ní ọjà tí wọ́n bá ti tú kì í padà. Lójú fóònù náà, àwòrán á kàn ṣe bíńtín ni.

Ti Duncan kò ní wàhálà yìí. Ọ̀rọ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ẹ má fún ọmọdé, ọ̀rọ̀ ibùsùn pọ̀ nínú rẹ̀. Ti King tín-ín-rín, ẹ lè kà á tán lóru kan.

Méjèèjì dára. Bí ẹ bá fẹ́ mọ inú apànìyàn, ẹ ra Duncan. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹ̀rù bà yín débi pé ẹ ò ní lè dá lọ sílé ìwẹ̀, ẹ mọ èyí tó kù. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n tú nylon, kí ẹ wo àwòrán January. Bí olówó ọjà bá kọ̀, ẹ jẹ́ kó gbé e padà sórí àtẹ.