Wọ́n ní Màmá mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń mí: maṣíìnì ọ́síjìn alágbèéká tá a rà

Ẹ má bínú tí ọ̀rọ̀ mi bá gbóná. Ọmọbìnrin kan ní ilé iṣẹ́ tó ta maṣíìnì yìí fún wa ló sọ fún mi lórí fóònù pé maṣíìnì ò ní nǹkan kan, pé Màmá ni ò mọ bí wọ́n ṣe ń mí. Ìyá mi o! Ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tó fi igi din gàrí tà ní Ọjà Jagun títí èéfín fi ba ẹ̀dọ̀fóró wọn jẹ́, àwọn ni ò wá mọ bí wọ́n ṣe ń mí.

Mi ò ní ka ohun tó wà lára páálí fún yín. Kẹ́ ẹ ṣáà mọ̀ pé kì í tú ọ́síjìn jáde láìdúró bíi ti sílíńdà, ńṣe ló ń dúró kéèyàn fi imú fa èémí, kó wá fún un ní fùú kan. Tí kò bá gbọ́ èémí, ariwo ló kù.

Lóru ọjọ́ yẹn, ọyẹ́ mú, NEPA ti mú iná lọ láti ìrọ̀lẹ́, maṣíìnì wà ní pálọ̀ lórí bátìrì, bátìrì ẹ̀ sì kún. Àfi píì-píì-píì. Ó kọ ọ́ sójú ara ẹ̀ pé òun ò rí èémí. Mo tan tọ́ọ̀ṣì wọ yàrá, Màmá ti dìde jókòó, wọ́n di etí bẹ́ẹ̀dì mú, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, mo fi ẹ̀rọ tí wọ́n ń há mọ́ ìka, tó ń ka bí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó nínú ọgọ́rùn-ún, sí wọn lọ́wọ́, ó ka 84. Dọ́kítà sì ti kìlọ̀ fún wa pé tiwọn kó wà láàárín 88 sí 92, kó má lọ sísàlẹ̀, kó má sì kọjá ibẹ̀, torí irú àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tó ń ṣe wọ́n, ọ́síjìn àpọ̀jù náà léwu. Ọpẹ́lọpẹ́ sílíńdà kékeré tá ò tíì dá padà, òun la ṣí fún wọn tílẹ̀ fi mọ́. Nọ́ńbà tí wọ́n ní wákàtí 24 làwọn ń gbé, orin ló ń kọ títí kírẹ́díìtì mi fi tán. Orin ijó!

Láàárọ̀ lọmọbìnrin yẹn tó gbé e. "Ẹ káàárọ̀ mà, báwo la ṣe lè ràn yín lọ́wọ́?" Mo ṣàlàyé. Ó ní kí n pa á kí n tún tàn án. Mo ní mo ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe. Ó ní kí n gbé e sí 2, pé líta méjì nìyẹn, ariwo ò dúró. Ó dákẹ́, mo ń gbọ́ ọ tóun àti ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ ta ló máa lọ ra oúnjẹ, ló bá padà dé: "Mà, maṣíìnì yín ò ní nǹkan kan, Màmá ni ò mí dáadáa. Ẹ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa mí." Mo ní kó tún un sọ. Ó sì tún un sọ!

Mo já fóònù. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp gùn ju èyí tẹ́ ẹ̀ ń kà yìí lọ, mo ní màá gbé ẹrù wọn padà fún wọn n'Ìbàdàn kí wọ́n kó owó mi sílẹ̀.

Nígbà tó di ọ̀sán, ẹnjiníà wọn kan fi nọ́ńbà ara ẹ̀ pè mí. Kò dárúkọ maṣíìnì rárá. "Àǹtí, Màmá ńkọ́? Mélòó ni ìka wọn ń kà báyìí?" Mo ní 89, lórí sílíńdà. Ó ní òun fẹ́ kí wọn. "Màmá, ẹ kú àìsùn o, ẹ kú ìnira." Màmá tó ti yarí láti àárọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúre fún un.

Ó ní kí n tan fídíò kí n tọ rọ́bà imú láti ara maṣíìnì lọ, kí n má sáré. Mo tọ̀ ọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ògiri, mo gba abẹ́ àga, mo wọ kọ́rídọ̀, mi ò tíì débi imú ló ti pariwo: "Ta ló fún yín ní rọ́bà yìí?" Mo ní ọmọ iṣẹ́ yín tó gbé maṣíìnì wá ni, òun ló so ó, ó ní kí Màmá lè rìn dé kíṣìnnì. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní rọ́bà mítà 15 yẹn, ti maṣíìnì ńlá inú ilé ni, pé ti irú èyí ò ju mítà méjì àti díẹ̀ lọ, torí èémí tí Màmá bá fà gbọ́dọ̀ gba inú rọ́bà dé ọ̀dọ̀ maṣíìnì kó tó mọ̀. Lọ́sàn-án wọ́n ń fà á tagbára-tagbára, ó ń gbọ́ díẹ̀díẹ̀, àmọ́ tí wọ́n bá sùn, èémí á rọlẹ̀, ẹnu á là, ó parí.

Rọ́bà kúkúrú wà nísàlẹ̀ páálí, wọn ò tíì já ọ̀rá ẹ̀. A so ó, a gbé maṣíìnì sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Fùú. Fùú. Fùú. Kò pẹ́ tó fi ka 91, mo jó.

Kò tún wá pa fóònù o. Ó rí òrí tó ń dán nímú Màmá nítorí ọyẹ́, ó ní ká nù ún, pé ọ̀rá àti ọ́síjìn ò bára wọn ṣe, tí iná bá kàn án pẹ́nrẹ́n ó lè jó èèyàn lójú. Ó ní 2 ojú maṣíìnì yẹn kì í ṣe líta méjì, nọ́ńbà bí fùú ṣe máa tóbi tó lásán ni. Ó ní ká máa fọ fílítà torí eruku ọyẹ́, ká jẹ́ kó gbẹ dáadáa ká tó dá a padà.

Àmọ́ ó tún sọ ohun tó tún mú kí inú bí mi. Ó ní irú èyí kọ́ ló yẹ kí Màmá máa gbára lé lóru, maṣíìnì ńlá tó ń tú ọ́síjìn láìdúró ni, kí n bi dọ́kítà. Ìyẹn ń jẹ iná tó tó wọ́ọ̀tì 350! Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí! Ẹni tó ta alágbèéká yìí fún wa ní tọ̀sán tòru ni, ó sì gbowó tó tó ra plọ́ọ̀tì. Wọn ò tún sọ pé nǹkan oníhóró inú ẹ̀ tó ń gbá nítrójìn mú kúrò nínú afẹ́fẹ́ máa ń gbó, pé a máa pààrọ̀ ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹnjiníà ni mo ti gbọ́ ọ. Kí ló dé tí wọn ò fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ sídìí fóònù?

Ìràwọ̀ 5 nínú 5. Mo mọ ohun tí mo kọ sókè, ṣùgbọ́n tí mo bá fún wọn ní 1, orí ẹnjiníà ni wọ́n máa dà á lé, kì í ṣe ti ọlọ́rọ̀ èémí.

Fílítà tí mo sanwó ẹ̀ ò tíì dé o. Ẹ gbé e fáwọn onímọ́tò Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ má gbé e lọ sí Ọ̀yọ́ mọ́.