Ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ àbí ọjà àsọtẹ́lẹ̀: níbo ni kí ẹ gbówó lọ bí ẹni méjì bá ń figagbága?

Ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ mẹ́ta ló wà láàárín ilé wa ní Ṣómólú àti ibùdókọ̀, mo sì ti náwó ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n mo tún ń ná ọjà àsọtẹ́lẹ̀ báyìí, ìyẹn ọjà orí ayélujára tí àwọn èèyàn ti ń ra ìpín, tí wọ́n sì ń tà á fún ara wọn, lórí ohun tí wọ́n rò pé ó máa ṣẹlẹ̀, irú ti Polymarket tó bẹ̀rẹ̀ ní 2020. Ẹni tó bá fẹ́ yan ọ̀kan, ohun tí ojú mi rí rèé.

Ẹ jẹ́ ká mú eré tẹ́níìsì, torí kò sí ọ̀mì níbẹ̀. Ká ní ọgbọọgba ni àwọn méjèèjì. Ní ṣọ́ọ̀bù, odds 1.85 ni wọ́n lè gbé lé ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni pé bí ẹ bá jẹ, wọ́n á fi 1.85 sọ owó tí ẹ fi ta á di púpọ̀. Ẹ fi ₦1,000 sórí ìkíní, ẹ fi ₦1,000 sórí ìkejì. Ẹni yòówù kó borí, ₦1,850 lẹ máa gbà. ₦150 ti wọ àpò oníṣọ́ọ̀bù kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù kan.

Lọ́jà àsọtẹ́lẹ̀, ìpín lẹ ń rà. Yóò di dọ́là kan bí ẹni yín bá borí, yóò di òfo bí kò bá borí. Ẹni tí èrò tirẹ̀ yàtọ̀ sí tiyín ló sì wà lódìkejì, kì í ṣe oníṣọ́ọ̀bù. Bí ti ìkíní bá jẹ́ sẹ́ńtì 51, tí ti ìkejì jẹ́ 50, ẹni tó ra méjèèjì ná 101 láti gba 100. Sẹ́ńtì kan péré ló lọ, yàtọ̀ sí owó iṣẹ́ tí wọ́n bá yọ.

Ìnájà ibẹ̀ ló wù mí jù. Ẹni tó bá ti ra aṣọ ní Tẹ̀júoṣó á mọ̀ ọ́n: olùtà ń pe 52, olùrà ń pe 48, ẹ̀yin náà lè pe 50 kí ẹ jókòó tì í. Bí ẹni yín bá gba sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, ohun tí ẹ rà ní 50 lè di 72, ẹ lè tà á kí ẹ sì lọ sùn. Cash out, ìyẹn kí ẹ gba owó kúrò kí eré tó parí, wà ní ṣọ́ọ̀bù lóòótọ́, àmọ́ àwọn ló ń pe iye rẹ̀. Ta ló fẹ́ bá fóònù nájà?

Ìyẹn dára bí èrò bá pọ̀ lọ́jà, bíi ti Wimbledon. Ní eré kékeré kan, mo rí ibi tí olùtà ti ń pe 60, tí olùrà ń pe 41. Ẹni tó bá rà á níbẹ̀, tó fẹ́ tà á lójú ẹsẹ̀, sẹ́ńtì 19 ti lọ.

Owó ńkọ́? Owó crypto bíi USDC, tí ọ̀kan rẹ̀ dúró fún dọ́là kan, ni Polymarket ń gbà. Àwọn tó ń bá yín ṣẹ́ owó á jẹ díẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń ṣẹ́ náírà, wọ́n á tún jẹ nígbà tí ẹ bá ń kó o bọ̀. Ẹni tó ń fi ₦500 ta tẹ́tẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, ẹ má ṣe wàhálà, ṣọ́ọ̀bù ni tiyín.

Ẹ ka òfin eré o. Lọ́jọ́ kan, ọmọ tí mo fi ₦5,000 lé ti gba sẹ́ẹ̀tì kan, ni alátakò rẹ̀ bá fara pa, ó jáwọ́. Mo ti ń jó. Ṣọ́ọ̀bù kàn dá ₦5,000 mi padà, wọ́n ní eré ò parí. Ọ̀rẹ́ mi tó ra ìpín ọmọ yẹn lọ́jà àsọtẹ́lẹ̀ gba owó rẹ̀ pé pérépéré, torí òfin ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá bọ́ sí ìpele tó kàn ló borí. Eré kan náà! Ní ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ẹ wò ó bóyá 90 ìṣẹ́jú nìkan ni wọ́n ń kà.

Ibi tí ṣọ́ọ̀bù ti ju ọjà lọ ni ẹjọ́. Láti November 22, 2024 tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti dájọ́ pé ìpínlẹ̀ ló láṣẹ lórí lọ́tìrì àti tẹ́tẹ́, ọ̀dọ̀ ìjọba Èkó ni ṣọ́ọ̀bù ti ń gba ìwé àṣẹ. Bí wọ́n bá há owó yín mọ́lẹ̀, ẹ mọ ọ́fíìsì tí ẹ máa lọ. Ti ọjà òkè òkun, ímeèlì lẹ máa kọ.