Systemd ló ń ṣọ́ program ṣọ́ọ̀bù àǹtí mi báyìí, ẹ wá gbọ́ bó ṣe ń ṣe sí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo Linux, ẹ jẹ́ n sọ ti systemd fún yín, ìyẹn program inú Linux tó ń tan àwọn program yòókù tó sì ń ṣọ́ wọn, torí ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń lò ó lórí kọ̀ǹpútà kékeré kan tó wà ní ṣọ́ọ̀bù òògùn àǹtí mi n'Íbàdàn, mo sì rí i pé ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń jìyà lórí nǹkan tí kò yẹ kó fìyà jẹ wọ́n mọ́.

Program kan ni mo kọ fún wọn, Python ni, òun ló ń kọ ọjà tí wọ́n bá tà sílẹ̀, òun ló sì ń sọ oye òògùn tó kù lórí ṣẹ́ẹ̀fù, àwọn ọmọ tó ń bá wọn tajà máa ń fi fóònù ṣí i. Tẹ́lẹ̀, inú screen ni mo ti ń tan án, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kí program máa ṣiṣẹ́ lọ téèyàn bá ti jáde: mà á fi ssh wọlé láti ọ̀nà jíjìn, mà á tẹ python app.py, mà á jáde, ó parí nìyẹn. Àmọ́ ẹ mọ bí iná ṣe ń ṣe. Tí wọ́n bá mú iná tí bátìrì inverter náà bá lọ sílẹ̀, kọ̀ǹpútà á kú, tíná bá dé á tan ara ẹ̀ torí mo ti ṣètò ìyẹn nínú BIOS, ṣùgbọ́n program ò ní jí ní tiẹ̀. Àárọ̀ Sátidé kan, aago mẹ́jọ ò tíì lù, àǹtí mi pè mí: "Kọ̀ǹpútà ẹ ti tún dákẹ́ o, èèyàn ti kún ṣọ́ọ̀bù." Inú ọkọ̀ ni mo wà l'Óṣòdì, orí ìjókòó yẹn ni mo ti ń fi fóònù tẹ command, tí mo ń sọ pé "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú méjì." Ó sú mi lọ́jọ́ yẹn.

Mo kọ́kọ́ lo cron, ohun tó ń tan command ní àsìkò téèyàn bá dá fún un, @reboot ni mo kọ sí i. Ó ń tan program lóòótọ́ tí kọ̀ǹpútà bá jí, àmọ́ tí program bá wá kú lọ́sàn-án, cron ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀, ẹjọ́ tiẹ̀ ti parí láàárọ̀.

Ibi tí systemd ti yàtọ̀ gan-an nìyẹn. Òun ni PID 1, ìyẹn program tí nọ́ńbà ẹ̀ jẹ́ ọ̀kan, òun ni kernel, ìyẹn ọkàn Linux gan-an, kọ́kọ́ máa ń tan, bàbá ilé ni, gbogbo service (program tó ń ṣọ́) tó bá tan, ọmọ ẹ̀ ni. Tọ́mọ bá kú, kernel fúnra ẹ̀ ló máa sọ fún un lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe pé ó ń yọjú wò ó ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú bíi ti script tí àwa kan máa ń kọ. Ẹ ò sì ní fowó rà á, ẹ ò ní install nǹkan kan, ó ti wà nínú Debian láti Debian 8, nínú Ubuntu láti 15.04, ọdún 2015 ni méjèèjì. Mo mọ̀ pé ìjà ti pọ̀ lórí ẹ̀, àwọn kan tìtorí ẹ̀ kúrò ní Debian lọ dá Devuan, ìyẹn Debian tí kò ní systemd, sílẹ̀, wọ́n ní ó ti tóbi jù. Mo gbọ́, àmọ́ fún iṣẹ́ tèmi yìí, mi ò tíì rí èyí tó tó o.

Fáìlì kan péré lẹ máa kọ sínú /etc/systemd/system, tèmi ń jẹ́ soobu.service. Ìlà tó ṣe pàtàkì jù nínú ẹ̀ rèé, abẹ́ Service ni wọ́n wà:

User=soobu
WorkingDirectory=/home/soobu/app
ExecStart=/home/soobu/venv/bin/python app.py
Environment=PYTHONUNBUFFERED=1
Restart=always
RestartSec=5

Lẹ́yìn náà, WantedBy=multi-user.target lábẹ́ Install, kẹ́ ẹ wá tẹ systemctl daemon-reload, kẹ́ ẹ tẹ systemctl enable --now soobu, kó lè tan báyìí àti nígbàkigbà tí kọ̀ǹpútà bá jí. Tẹ́ ẹ bá rí 203/EXEC, ìyẹn pé systemd ò rí program náà tan, ẹ lọ yẹ ọ̀nà tẹ́ ẹ kọ síwájú python wò, torí systemd kì í ka .bashrc yín, ìyẹn fáìlì tẹ́ ẹ fi ń ṣètò terminal, kò mọ ibi tí venv yín, ìyẹn fódà Python ti program yẹn, wà. PYTHONUNBUFFERED yẹn náà, ẹ má fò ó, àìsí ẹ̀ ló jẹ́ kí n jókòó ti journalctl -u soobu -f, ibi tí log program ti ń jáde, fún bí wákàtí kan tí mi ò rí ọ̀rọ̀ kankan, Python ti di gbogbo print mọ́nú.

RestartSec ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fojú sí jù. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mi ò kọ ọ́, mo rò pé Restart=always ti tó, ṣebí "always" náà ló pè é. Iná lọ lóru, ó dé, kọ̀ǹpútà jí, àmọ́ PostgreSQL, database tí program mi ń lò, ṣì ń tún ara ẹ̀ ṣe, program mi lọ kan ilẹ̀kùn database, kò rẹ́ni dá a lóhùn, ó kú. Systemd gbé e dìde, ó tún kú. Tẹ́ ò bá kọ RestartSec, ìdá kan nínú mẹ́wàá sẹ́kọ́ǹdì péré ló máa ń dúró kó tó tún un tan, tó bá sì ti tan án lẹ́ẹ̀marùn-ún láàárín sẹ́kọ́ǹdì 10, ó máa fi í sílẹ̀ pátápátá. Nígbà tí mo ṣí log, ohun tí mo bá níbẹ̀ ni "Start request repeated too quickly", aago mẹ́rin ààbọ̀ òru ló ti kọ ọ́, program ò sì jí títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo bá fi RestartSec=5 sí i, mo sì kọ After=postgresql.service sábẹ́ Unit, kó lè jẹ́ pé ẹ̀yìn PostgreSQL ló máa tan. Mo fọwọ́ ara mi pa program náà wò, sudo systemctl kill -s KILL soobu, mo ka ení, èjì, ẹ̀ta, kí n tó ka ẹ̀fà ó ti dìde, PID tuntun. Àtìgbà yẹn, àǹtí mi ò tíì pè mí lórí iná.

Ohun tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀ ni pé Restart mọ ẹni tó kú, kò mọ ẹni tó dákú. Oṣù tó kọjá program mi há síbì kan, kò kú, kò sì dáhùn, status ṣì ń sọ pé active (running), àwọ̀ ewé (green) ló ń tàn lójú mi. WatchdogSec wà fún irú ẹ̀, ṣùgbọ́n program fúnra ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ máa ránṣẹ́ sí systemd pé òun ṣì wà láàyè, èyí tí mo ń kọ sí tèmi lọ́wọ́ nìyẹn.