Ilé ìtajà géèmù tó mọ ọjọ́ tí ọjà máa kúrò, tí kò sọ fún oníbàárà

Ẹ̀dínwó ló kọ́kọ́ dé. Ilé ìtajà géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì tí mo ti ń rajà lọ́wọ́ wọn tipẹ́ fi ímeèlì ránṣẹ́ pé owó àfikún géèmù ìdíje mọ́tò kan tí mo fẹ́ràn ti já wálẹ̀ gan-an. Géèmù yẹn fúnra rẹ̀ ti wà nínú àkáǹtì mi. Àfikún rẹ̀, tó kún fún àwọn mọ́tò àtijọ́, ni n kò tíì ní. Mo jù ú sínú apẹ̀rẹ̀ ọjà, mo ní kí owó oṣù wọlé ná.

Nígbà tí owó oṣù wọlé, mo bá apẹ̀rẹ̀ ní òfìfo. Kì í ṣe pé owó rẹ̀ tún ti gòkè o, ọjà ni kò sí. Mo wò ó láàárín àwọn ohun tí mo sàmì sí pé màá rà, wọ́n ti yọ ọ́ níbẹ̀ náà. Mo bá gba inú ímeèlì wọn wọlé, ojú ewé rẹ̀ sì ṣí: àwòrán wà, ọ̀rọ̀ ìyìn àwọn tó ti rà á wà, fídíò ìpolówó ń ṣiṣẹ́ lókè. Ibi tí bọ́tìnì "Rà á" máa ń wà nìkan ló yàtọ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ ní àwọ̀ eérú pé: "Ọjà yìí kò sí fún títà mọ́." Wọn ò sọ ìdí, wọn ò sì ní "ẹ pẹ̀lẹ́" lásán.

Inú bí mi, mo kọ̀wé sí wọn lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ dá mi lóhùn ní kí n pa ẹ̀rọ mi, kí n tún un tàn. Mo pa á, mo tàn án. Ó ní kí n jáde nínú àkáǹtì, kí n tún wọlé. Mo jáde, mo wọlé. Ó wá ní, "Ẹ kú sùúrù, ó lè jẹ́ pé ọjà yẹn kò sí ní agbègbè yín." Mo ní, "Ẹ̀yin náà lẹ ta géèmù tó ni àfikún yìí fún mi, ní agbègbè yìí kan náà." Ó dákẹ́. Nígbà tó yá, ó fi àwòrán ojú tó ń rẹ́rìn-ín ránṣẹ́, ó sì ti ìfọ̀rọ̀wérọ̀ náà pa. Ẹ̀rín! Mo ya àwòrán rẹ̀ pamọ́, ó ṣì wà lórí fóònù mi.

Ẹlòmíràn ló gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn rẹ̀, ẹni yẹn sì mọ iṣẹ́. Ó ní, "Ẹ má bínú, ọ̀gá. N kò ní tàn yín, n kò rò pé ọjà yẹn máa padà. Àdéhùn lórí orúkọ àwọn mọ́tò àti orin inú rẹ̀ ló parí. Àwọn tó gbé e jáde ló ní ká gbé e kúrò." Mo bi í bóyá wọ́n mọ ọjọ́ tó máa parí kí wọ́n tó fi ímeèlì ẹ̀dínwó ránṣẹ́. "A mọ̀, ọ̀gá." Kí ló wá dé tí ẹ ò kọ ọ́ síbẹ̀? Mo rí i tó ń tẹ̀wé, tó dúró, tó tún ń tẹ̀ ẹ́. Ohun tó jáde níkẹyìn ni pé: "Ẹ̀ka tó ń kọ ímeèlì yàtọ̀ sí tiwa."

Ti àdéhùn tó parí yẹn yé mi, n kò sì ní bá wọn jà lé e lórí. Géèmù Alan Wake kúrò lórí àtẹ ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún 2017 nítorí orin, ó di oṣù Kẹwàá 2018 kó tó padà. Géèmù Scott Pilgrim tó jáde ní 2010 pòórá ní ìparí 2014, a kò sì tún rí i rà títí di oṣù Kìíní 2021. Orin kan ṣoṣo lè ní ẹni tó ni ọ̀rọ̀ àti ohùn rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kó tún ní ilé iṣẹ́ mìíràn tó ni èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀, kálukú pẹ̀lú lọ́yà tirẹ̀. Ilé iṣẹ́ mọ́tò ní tiwọn ló ni orúkọ, àmì àti ìrísí mọ́tò wọn. Ọdún tó níye ni wọ́n máa ń kọ sínú ìwé àdéhùn, torí nígbà tó jẹ́ pé inú sídì ni géèmù wà, ta ló rò pé ẹnikẹ́ni á ṣì máa rà á lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá? Bí ọdún yẹn bá pé, owó tí géèmù àtijọ́ ń pa wọlé lè má tó san ti lọ́yà, ká má tíì sọ ti olórin.

Àwọn kan kì í gbé géèmù kúrò, orin ni wọ́n ń yọ. Ní oṣù Kẹrin 2018, nígbà tí géèmù GTA IV pé ọdún mẹ́wàá, wọ́n yọ ọ̀pọ̀ orin tí àwọn rédíò inú rẹ̀ ń kọ, Vladivostok FM, ọ̀kan nínú àwọn rédíò náà, ló sì fara gbá a jù. Àtúnṣe tí wọ́n fi ránṣẹ́ yọ ọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ti sanwó tipẹ́ pàápàá. Lójú tèmi, ìyẹn burú ju kí wọ́n má ta á mọ́ lọ. Ti No One Lives Forever, géèmù ọdún 2000, tún wá yàtọ̀: ẹ̀tọ́ rẹ̀ dàrú mọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá lọ́wọ́ débi pé Nightdive Studios, ilé iṣẹ́ tó ń tún géèmù àtijọ́ gbé jáde, tó fẹ́ jí i dìde kò rí i ṣe.

Àmọ́ Forza Horizon 4, géèmù ìdíje mọ́tò, ni mo fi bá ilé ìtajà yìí wí. Ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá 2024 ló kúrò lórí àtẹ, bẹ́ẹ̀ oṣù Kẹfà ni wọ́n ti kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé. Ṣé ìkéde nira ni?

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó dáa náà. Ẹni kejì yẹn ní kí n lọ gbé géèmù tí mo ti rà sórí ẹ̀rọ, kí n rí i pé kò lọ ibì kankan. Ó sọ̀kalẹ̀ wéréwéré. Nígbà tó ṣí, mọ́tò mi tí mo kùn ní àwọ̀ ọsàn wà ní ibi tí mo páàkì rẹ̀ sí, pẹ̀lú bọ́ńpà iwájú tó ti wó. Mo pariwo nínú yàrá. Àwọn tó ra The Crew, géèmù ìdíje mọ́tò mìíràn, kò rí irú èyí: nígbà tí wọ́n pa sáfà rẹ̀, ẹ̀rọ orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gbé e ṣiṣẹ́, ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta 2024, ẹni tó sanwó gan-an kò lè ṣí i mọ́.

Láìjẹ́ pé mo bèèrè, ó tún fi owó díẹ̀ sínú àkáǹtì mi. Owó yẹn ní ọjọ́ tí kò ní ṣeé ná mọ́, wọ́n sì fi lẹ́tà pupa gàdàgbà kọ ọjọ́ yẹn síbẹ̀. Ti owó, wọ́n rántí kọ ọ́! Ìkìlọ̀ pé àṣẹ ìlò la ń rà, pé a kò ni géèmù náà, èyí tí òfin California sọ di dandan láti 2025, lẹ́tà tín-ín-tín ni wọ́n fi kọ ọ́ sábẹ́ bọ́tìnì ìsanwó.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Mo mọ̀ pé kò bá ohun tí mo kọ sókè mu, ẹni kejì yẹn ló gba méjì nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tó bá fẹ́ ra géèmù tó ní mọ́tò gidi tàbí orin rédíò níbẹ̀, ọjọ́ tí ẹ bá rà á ni kí ẹ ra àfikún rẹ̀.