Ìtọ́jú Àfiṣẹ́ṣe fún Ìrẹ̀wẹ̀sì Ọkàn: Ohun Tí Ojú Mi Rí Láàárín Oṣù Méje ní Ìlọrin

Ahunṣọ ni mí. Láti kékeré ni mo ti ń hun aṣọ òfì ní Ìlọrin, n kò sì rò ó rí pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí n óò jókòó ti òfì mi láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ láìfọwọ́ kan òwú. Ọjọ́ náà dé lẹ́yìn tí ìyàwó mi kú. Oorun kọ̀ mí, oúnjẹ kò wọ ọ̀fun, oníbàárà tó ti san ìdajì owó aṣọ ìgbéyàwó ń pè mí lórí fóònù, n kò gbé e. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi mú mi lọ sọ́dọ̀ àfáà, mo mu hàntú, àdúrà náà kò sì dúró títí di òní. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ni wọ́n ti sọ fún mi pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ló ń ṣe mí, wọ́n fún mi lóògùn, dókítà sì kọ̀wé pé kí n lọ rí àwọn tó ń ṣe occupational therapy, ìyẹn ìtọ́jú tó jẹ́ pé iṣẹ́ àti ìṣe ojoojúmọ́ aláìsàn ni wọ́n fi ń ràn án lọ́wọ́.

Kí n má purọ́, oṣù kìíní kò wú mi lórí rárá. Inú yàrá kan ni wọ́n kó wa sí, àgbẹ̀, ọmọ iléèwé, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì àti èmi, wọ́n sì ní kí gbogbo wa máa to ìlẹ̀kẹ̀. Mo to pupa, mo to funfun. Nígbà tí mo tò ó tán, ẹni tó ń mójú tó wa já okùn rẹ̀, ó dà á padà sínú abọ́ kí ẹlòmíràn lè rí nǹkan tò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo bi ara mi léèrè bóyá ìwòsàn ni wọ́n ń wá fún wa ni, àbí wọ́n kàn fẹ́ kí ilẹ̀ tètè ṣú.

Ìgbà tí wọ́n gbé ọ̀dọ́mọbìnrin kan wá sí ẹ̀ka náà ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Àlàájì, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ọjọ́ yín ṣe máa ń lọ kí ara yín tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe báyìí?" (N kò tíì dé Mẹ́kà, ṣùgbọ́n ní Ìlọrin ta ni yóò jiyàn oyè yẹn?) A jọ kọ ọjọ́ mi sílẹ̀, láti ìrun àsùbáà títí di ìgbà tí mo bá sùn. Ó wá ní kí n gbàgbé odidi aṣọ ná. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí n kàn jókòó sídìí òfì títí ìròyìn orí rédíò yóò fi parí, kí n sì dìde. Lẹ́yìn ìyẹn ni kíká òwú sínú ọkọ̀ òfì, lẹ́yìn rẹ̀ ni híhun tí kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ lóòjọ́. Nígbà tó rí i pé òògùn ń kùn mí lóorun láàárọ̀, ó fi tó dókítà létí, a sì sún iṣẹ́ sí ọ̀sán.

Ó wá sí ìsọ̀ mi lẹ́ẹ̀mejì. Ó wo òwú tó na gbọọrọ lọ síta, ó wo òkúta tó ń fà á le, ó wá béèrè ibi tí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi wà. Mo ní wọ́n ti lọ. Ó ní kí n pe ẹyọ kan padà, nítorí pé èmi nìkan kò gbọdọ̀ máa jókòó níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì tó wá, mo ṣi ẹsẹ̀ tẹ̀, òwú funfun gba ibi tí kò yẹ kó gbà kọjá, inú bí mi, mo fẹ́ gé gbogbo rẹ̀ dànù. Kò bá mi dá sí i. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n tú, Àlàájì, èmi kò mọ̀ ọ́n." Mo tú ìlà mẹ́ta. Ìka mi ti mọ ibi tí àṣìṣe wà kí n tó ronú kàn án.

Òun náà ló ṣàlàyé fún mi pé ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà kan, Gary Kielhofner, ti gbé ìlànà kan jáde ní ọdún 1980 tó ní kí a wo ohun tí ọkàn ènìyàn ń fà sí, bí ó ṣe ń ṣètò ọjọ́ rẹ̀, ohun tí ara àti ọpọlọ rẹ̀ lè gbé, àti àyíká tó ti ń ṣe é. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀rọ̀ òyìnbó ni, ọ̀dọ́mọbìnrin náà sì rán an létí pé láti ọdún 1954 ni Thomas Adeoye Lambo, dókítà àrùn ọpọlọ ọmọ Nàìjíríà, ti fi àwọn aláìsàn sí abúlé tó yí ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ Arò ká ní Abẹ́òkúta, tí àwọn ẹbí wọn ń bá wọn gbé, tí wọ́n ń lọ sóko, tí wọ́n sì ń gba ìtọ́jú. Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́.

Àbùkù pọ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ méjì péré ni wọ́n ń ṣí yàrá náà lọ́sẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń bójú tó gbogbo wa. Èmi ni mo san owó ọkọ̀ rẹ̀ nígbà tó wá sí ìsọ̀, ẹni tí kò bá lówó á wà nídìí ìlẹ̀kẹ̀. Bí wọ́n bá rán yín lọ síbi irú ìtọ́jú yìí, tí ẹnikẹ́ni kò sì béèrè iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe, ẹ sọ ọ́ fún wọn láìdúró.

Mo parí aṣọ ìgbéyàwó náà, ó pẹ́ jù, oníbàárà ti rà á níbòmíràn, mo sì dá owó rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀. Nísinsìnyí mo ń hun láti ẹ̀yìn ìrun àìlà títí di aláásárì. Mo ṣì ń lo òògùn, oorun kò tíì dán mọ́rán, àmọ́ ọmọ iṣẹ́ mi ti di méjì.