Mo lúwẹ̀ẹ́ lọ sísàlẹ̀ omi lọ wo ilé àwọn ará Róòmù tó wà lábẹ́ òkun ní Baia

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Baia dé ni o, nítòsí Naples ní Ítálì, ibi táwọn olówó Róòmù kọ́ ilé ìgbafẹ́ sí láyé àtijọ́, kí ilẹ̀ ibẹ̀ tó máa rì díẹ̀díẹ̀ nítorí iná òkè ayọnáyèéfín tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀, tí òkun fi gbà á. Kò jìn rárá, bíi mítà 5 báyìí. Látọdún 2002 nìjọba ti ń dáàbò bo ibẹ̀, ẹ ò lè kàn bẹ́ sómi, àfi kẹ́ ẹ tẹ̀ lé àwọn tí wọ́n fún láṣẹ. Ẹni tí ò bá lè lúwẹ̀ẹ́ lọ sísàlẹ̀, ọkọ̀ ojú omi tó ní dígí nísàlẹ̀ wà.

Gáìdì wa dúró lórí ibì kan tó dà bí iyanrìn lásán, ó ń fi ọwọ́ fẹ́ omi bí ẹni ń fẹ́ iná, iyanrìn ń ká kúrò, ló bá di òkúta wẹ́wẹ́ dúdú àti funfun tí wọ́n tò bí afárá oyin, àfi bíi pé àná ni wọ́n tò ó! A ò tíì wò ó yó tó fi tún ń gbá iyanrìn bò ó padà. Ó dùn mí gan-an nígbà yẹn. Ìgbà tá a gòkè ló wá ṣàlàyé pé àwọn nǹkan ẹlẹ́mìí inú omi máa ń lu òkúta ní ihò, iyanrìn yẹn ni ò jẹ́ kí wọ́n rí i jẹ.

Àwọn ère tẹ́ ẹ máa rí lábẹ́ omi ní Punta Epitaffio, apá kan níbẹ̀, àwòkọ ni, ojúlówó wà ní mùsíọ́mù inú ilé olódi Baia lókè. Ẹ má fò ó o. Ẹ máa rí bí ara àwọn míì ṣe rí bí igi tí ikán jẹ, ibi tí iyanrìn bò sì jọ̀lọ̀.

Ohun tó bí mi nínú ni pé àwọn tó gbé wa lọ kó èèyàn jù fún gáìdì kan ṣoṣo. Ọkùnrin kan níwájú mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń léfòó láàárín omi, ṣe ló ń fẹsẹ̀ ta ilẹ̀, bàtà ìlúwẹ̀ẹ́ ẹ̀ gbá etí ògiri, omi dàrú, mi ò rí nǹkan kan mọ́. Ògiri tó ti wà níbẹ̀ látayé àwọn ará Róòmù! Àdéhùn tí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, ṣe ní 2001 lórí ohun àtijọ́ tó wà lábẹ́ omi ní kí wọ́n jẹ́ káwọn èèyàn máa wá wò ó níwọ̀n tí kò bá ti bà á jẹ́, mo sì fara mọ́ ọn, torí ẹni tí ò rí i rí, kí ló fẹ́ tìtorí ẹ̀ jà? Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ bá a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ wò níbi tí kò sí nǹkan tó lè bà jẹ́ ná.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5. Màá tún lọ, àmọ́ màá kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè pé èèyàn mélòó ni gáìdì kan ń kó.